Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, ṣùgbọ́n ìjọ ò tú! Ọgbọ́n tí lùkúlùkú ọdún 1918 àti Kòrónà ọdún 2020 kọ́ àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa

Ká ní ẹnì kan bọ́ síta lọ́jọ́ ọdún tuntun 2020, tó ní oṣù mẹ́rin ò ní í pé tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Èkó máa wà ní títì pa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àfàìmọ̀ kí wọ́n má lé e lókò. Èkó wo? Èkó tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta máa wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, tí ti ìsàlẹ̀ ń lu ìlù, tí tòkè ń fun fèrè, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti òdìkejì títì ò sì ní í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun táwọn méjèèjì ń sọ? Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5, oṣù kẹrin ọdún náà, tí í ṣe Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, gbogbo ìlú pa rọ́rọ́. Kò sí imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ọmọdé, kò sí ìwọ́de, kò sí aṣọ funfun lójú títì. Àwọn ẹyẹ nìkan ló ń kọrin.

Kòrónà ló fà á. Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Kó tó di ìparí oṣù kẹta, ìjọba Èkó ti kọ́kọ́ ní èèyàn tó ju 50 lọ ò gbọdọ̀ pé jọ síbi ìsìn, wọ́n tún dín in kù. Lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ní agogo mọ́kànlá, kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà wọ̀ ọ́ ní Fúráìdeè, ọjọ́ 3, oṣù kẹrin. Kí ìjọba Èkó tó yọ̀ǹda káwọn onígbàgbọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, nǹkan bíi Sọ́ńdè 20 ti kọjá lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, Sọ́ńdè 20 kì í ṣe kékeré. Àwọn ìjọ kan jáde níbẹ̀ tí wọ́n ṣì pé, tí wọ́n tún mọ ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mí-ìn jáde, wọ́n ka àga, àga pọ̀ ju èèyàn lọ. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní ọdún 102, nítorí àwọn bàbá àti ìyá wa ti rí irú ẹ̀ rí, inú ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá ti jáde wá.

ỌKỌ̀ OJÚ OMI LÓ GBÉ E WỌ ÈKÓ

Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Accra. Ogun àgbáyé kìíní ò tí ì parí nígbà náà. Àìsàn ti wà lára àwọn kan nínú ọkọ̀ ọ̀hún, kí wọ́n sì tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, ó ti wọ ìlú. Influenza lòyìnbó ń pè é. Lùkúlùkú làwọn èèyàn wa pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe àrùn tó máa ń pa adìyẹ tí odindi ọgbà fi máa ṣófo. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí á mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibà líle, ikọ́, ara ríro, kó tó di pé èèmí ò já gaara mọ́. Ohun tó sì ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù ni pé kì í ṣe arúgbó àtọmọ ọwọ́ nìkan ló ń mú lọ, ó ń pa àwọn géńdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ ilé kiri l'Ékòó láti wá aláìsàn, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò ní ìlú. Àwọn tó ń sá yìí ló ń gbé e lọ. Ó wọ rélùwéè dé Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, ó gba ibẹ̀ lọ sókè Ọya. Don Ohadike, onímọ̀ ìtàn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣírò ẹ̀ pé àwọn tó kú ní Nàìjíríà láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tó 500,000, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 èèyàn tó wà nígbà náà. Ẹ ṣe é ní ìṣirò: ẹyọ ẹnì kan nínú ẹni 36. Nínú ìjọ tó ní èèyàn 360, òkú mẹ́wàá nìyẹn.

Kò sì sí oògùn. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá ò mọ ohun tó ń fà á, ọdún 1933 làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó rí kòkòrò tó wà nídìí ẹ̀ lára èèyàn.

ALÁGBẸ̀DẸ WÚRÀ KAN ÀTI TÍṢÀ OBÌNRIN KAN

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìjọ Áńgílíkà kan wà tó ń jẹ́ St. Saviour's. Nínú àwọn àgbà ìjọ náà ni Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ṣe sọ, bàbá yìí àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ nínú ìjọ ti ń pàdé láti máa gbàdúrà. Nígbà tí lùkúlùkú dé, tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé, tí wọn ò lè péjọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré yìí ò tú ká. Wọ́n túbọ̀ súnmọ́ra ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti wọ inú ìtàn. Sophia Odunlami lorúkọ ẹ̀, tíṣà ni, ará Ìsónyìn. Àrùn náà mú òun fúnra ẹ̀, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dìde, ó ní òun gbọ́ ohùn kan tó sọ fún òun pé kí àwọn aláìsàn lo omi òjò, kí wọ́n sì gbàdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri. Àwọn ẹgbẹ́ Shadare gbà á mọ́ra, wọ́n sì jọ ń ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Omi òjò ò lè pa kòkòrò influenza. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó so mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ fún aláìsàn lómi gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, tí odindi agboolé lè dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó máa dáná, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ó gbé omi dání, ó ń pe èèyàn lórúkọ, ó ń gbàdúrà fún un. Fún ẹni tí ibà ti fa omi ara ẹ̀ gbẹ, omi mímu ò kéré. Fún ẹni tó ti rò pé kò sẹ́ni tó rántí òun mọ́, kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ò kéré. Nílé ayé tí kò sí oògùn, ìtọ́jú ló kù.

LẸ́TÀ LÓ SO WỌ́N PỌ̀

Ìtàn náà ò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àrùn lọ, ẹgbẹ́ náà ò padà sí bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ní àdúrà nìkan làwọn máa fi wo àìsàn, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣèrìbọmi fọ́mọ ọwọ́ mọ́. Ìjọ Áńgílíkà ò gbà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1922, ọ̀nà ti pín. Ó ná Shadare ní ipò, ó sì ná Odunlami ní iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe.

Ìgbà yìí ni wọ́n wá bá ìjọ kan dọ́rẹ̀ẹ́, Faith Tabernacle, tó wà ní Philadelphia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìjọ Amẹ́ríkà yìí ò rán òyìnbó kankan wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ló ń gba ọ̀nà òkun wọlé, tí wọ́n ń kà, tí wọ́n ń pín. Bí ẹ bá rò pé ìgbà Kòrónà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jọ́sìn pẹ̀lú ẹni tí wọn ò rí lójú, ẹ tún un rò. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ti fi ìwé àti sítáǹbù ṣe é kí bàbá ẹni tó ṣe WhatsApp tó dáyé.

Ìdí igi yẹn ni ẹ̀ka ti yọ. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bú jáde n'Iléṣà lọ́dún 1930, àwọn èèyàn Faith Tabernacle wọ̀nyí ló bá wọ inú ẹ̀. Lásẹ̀yìnwá, lẹ́yìn oríṣiríṣi àwúrúju àti àyípadà orúkọ, ó di Christ Apostolic Church tí gbogbo wa mọ̀ sí CAC lónìí. Àwọn èèyàn kéréje tí àjàkálẹ̀ àrùn ò rí tú ká ló bí i.

FÓÒNÙ DI ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Ká wá padà sí ọdún 2020. Àwọn ìjọ ńláńlá ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Wọ́n ti ní kámẹ́rà, wọ́n ti ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti ní YouTube. Kódà, àpéjọ ọdọọdún tí ìjọ Rìdíìmù máa ń ṣe lóṣù kẹjọ, tí ọkọ̀ kì í fi í rọ́nà gbà ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún yẹn. 

Àwọn ìjọ kéékèèké lọ̀rọ̀ ká mọ́ ibi tó le. Ìjọ tó háyà ṣọ́ọ̀bù méjì, tí èèyàn inú ẹ̀ ò ju 60 lọ, tí pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ń wa kẹ́kẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé fóònù ka orí tábìlì, ó fi Bíbélì gbé e dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún ojú gíláàsì. Ìyàwó ń gbé orin, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Nẹ́tíwọ́kì á já láàárín àdúrà. Pásítọ̀ á ti dé Ìfihàn kí “Àmín” tí wọ́n ṣe sí Jẹ́nẹ́sísì tó dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Dátà ńkọ́? Ẹni tó kù ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ò mọ ìgbà tó máa padà síṣẹ́, ṣé gàárì ló máa fi rà àbí dátà? Àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, WhatsApp ò kàn wọ́n. Àwọn mí-ìn gbọ́ ìwàásù lórí rédíò, nítorí àwọn iléeṣẹ́ bíi Bond FM àti Radio Lagos ń sọ Yorùbá tó yé wọn. Ṣùgbọ́n rédíò ò lè béèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ jí ire?”

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn ìjọ tó ti ń ṣe ìpàdé àdúrà nínú ilé, tó jẹ́ pé ẹni mẹ́wàá-mẹ́wàá ló wà ní àdúgbò kan, mú bébà, wọ́n pín orúkọ. Àgbà ìjọ yìí á pe ẹni mẹ́wàá, ti ọ̀hún á pe ẹni mẹ́wàá. Wọ́n ń pè é láràárọ̀ tàbí ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n ń fi fóònù ọ̀hún ṣe. “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò tí ì tán?” Ẹni tó bá sì mọ àgbàlagbà Yorùbá mọ̀ pé wọn ò ní í sọ ọ́ lórí fóònù pé ebi ń pa àwọn. Wọ́n á ní, “Mo ti jẹun, ọmọ mi, Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kó o rí ogun ẹnu.” Ẹni tó ti ń bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún mẹ́wàá nìkan ló lè fi ohùn mọ̀ pé irọ́ ni màmá ń pa.

EBI KÌ Í WỌNÚ KÍ Ọ̀RỌ̀ MÍ-ÌN WỌ̀ Ọ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ebi lọ̀pọ̀ èèyàn bá jà ju àrùn lọ. Telọ, mẹkáníìkì, onídìrí, ọlọ́kọ̀ èrò, ìyá oníbọ̀ọ̀lì, èyí tí wọ́n bá pa lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé fún ọjọ́ 14, wọ́n tún fi 14 kún un, ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ìrànwọ́ tí ìjọba àtàwọn olówó kó jọ ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo ayé ló rí i lóṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà táwọn èèyàn já wọ ibi ìkẹ́rù-sí ní Mazamaza, tí wọ́n bá ìrẹsì àti Indomie jọ gègèrè síbẹ̀.

Nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ owó igbá náà le. Igbá ò yí po mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù fowó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń da náírà 50 sígbá ò ní báǹkì lórí fóònù, wọn ò sì ní náírà 50 mọ́. Síbẹ̀, àwọn ìjọ kan gé ìwọ̀nba tó wọlé sí kóńgò ìrẹsì àti kóńgò gàárì. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, kí ojú má baà ti ẹni tó gbà á. Ẹni tó fúnni ò yàwòrán. Èyí wà lára ohun tó mú káwọn kan ṣì máa sọ títí dòní pé, “Ìjọ yẹn? Mi ò ní í kúrò níbẹ̀.”

Ẹ ò sì gbàgbé Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, ọjọ́ 12, oṣù kẹrin. Ní òru àwọn ọjọ́ yẹn, àwọn olè tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys ń dérù bani ní Agége, Ìjàyè, Alákùkọ, títí dé ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìsọ́ òru tí wọn ò lè ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu géètì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n dáná sun táyà, wọ́n mú àdá àti igi, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ dúró. Bí ẹni tó wà lápá ọ̀tún bá ké “Ọlọ́run ò ní í gbà fún wọn”, ẹni tó wà lápá òsì á ní “Àmín”, kò sẹ́ni tó béèrè ìjọ tó ń lọ.

ÒKÚ TÍ WỌN Ò RÍ ṢE

Ibi tó dun Yorùbá jù ni ọ̀rọ̀ òkú. Àwa tí a máa ń dá aṣọ ẹbí, tí a máa ń ṣe àìsùn, tí a máa ń pe olórin, wọ́n ní kí èèyàn perete sin bàbá. Wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa fún ọkọ̀ òkè òkun lóṣù kẹta, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ò rí ọ̀nà wálé. Orí Zoom ló ti rí i tí wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó ń gbọ̀n tí fóònù fi ń mì. Ìjọ tó bá ní àánú, pásítọ̀ á dárúkọ ọmọ yẹn níwájú sàréè, á ní, “A mọ̀ pé o wà níbí pẹ̀lú wa.” Ẹni tí wọn ò ṣe é fún ò lè mọ ohun tó jẹ́.

OTÍTÙTÙ ÌRÈTÍ, ÀTI ỌGBỌ́N

Ìrètí náà fẹ́ẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti kọ́kọ́ ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, làwọn ṣọ́ọ̀ṣì máa ṣí. Àwọn ìjọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná sí, wọ́n ra ọṣẹ àti kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí àga máa wà. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ní ó tún di ná, nítorí àrùn ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ bínú. Wọ́n ní ṣé ọjà ni kò ní Kòrónà? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i lóṣù kẹjọ, ìdajì èèyàn ni wọ́n ní kó wọlé, wọ́n sì gba àwọn tó ti lé ní ọdún 65 nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣì máa sinmi nílé. Ẹ ò rí i pé ẹni tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ ṣì nílò ìpè náà?

Ohun kan tún wà tí a ò gbọdọ̀ gbójú fò. Àwọn ará 1918 ò ní oògùn tí wọn ì bá kọ̀. Àwa ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 2021. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp kan náà tí à ń gba àdúrà kọjá, ibẹ̀ làwọn kan ti ń pín irọ́, pé 5G ló ń fa àrùn, pé abẹ́rẹ́ á pààyàn. Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àdúrà ò ní kéèyàn má fọwọ́. Nàìjíríà ka èèyàn tó lé ní 3,000 tí Kòrónà pa, ìyẹn àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì kọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló lórúkọ, gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti padà sí gbohùngbohùn wọn, ariwo ti padà, ọkọ̀ ti ń dí títì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo 1918 àti 2020 papọ̀, ohun kan náà lẹ máa rí: èrò kọ́ ló mú ìjọ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bíríkì. Ẹni mẹ́wàá tó mọ ilé ara wọn ni. Níbi tí wọ́n ti ní irú ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, ìjọ ò tú. Níbi tí kò ti sí, ilẹ̀kùn ṣí padà, àwọn èèyàn ò mọ ẹni tí wọ́n máa wá kiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ ò bá yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló máa pè yín? Ìyá àgbà tó máa ń jókòó níwájú yín, tí ẹ máa ń wo gèlè ẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, ṣé ẹ mọ ilé ẹ̀? Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má dúró de àjàkálẹ̀ àrùn mí-ìn. Tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ sin màmá dé ilé, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀.